Òkè Tí Mò Ń Gùn Nítorí Ẹni Ọ̀hún

Ọjọ́ Ajé, 2 Ọ́kítóbà 1978
Fọláṣadé, nọ́ọ̀sì ọsibítù, ló ní kí n máa kọ ìwé yìí. Ohun tí mo jẹ, ohun tí mo ṣe, ohun tó bí mi nínú, àti ìgbà tí àyà bá dùn mí. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní bí ìrora yìí kò bá rọlẹ̀ kí oṣù tó parí, òun á kọ lẹ́tà sí Akínwálé ọmọ mi ní Kàdúná kó wá mú mi lọ. Kàdúná. Kí n máa ṣe kí ni níbẹ̀? Ta ni yóò máa ṣí fèrèsé ilé mi?

Mo ti sọ ìrora náà lórúkọ – Àlejò. Kì í kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Ọ́kítóbà
Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Iyọ̀ díẹ̀. Mo pọnmi dé, Àlejò dé. Ó jókòó sí mi láyà, ó na ẹsẹ̀ sí apá òsì.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ọ́kítóbà
Kò sí iyọ̀ lọ́bẹ̀. Bí ẹni ń jẹ koríko. Mo pọnmi. Àlejò tún dé. Kí ni mo wá fi iyọ̀ sílẹ̀ fún?

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ọ́kítóbà
Mo kó aásáà mi fún Àtinúkẹ́, tíṣà tó yá yàrá lọ́wọ́ mi, pé kó bá mi gbé e pamọ́. Imú ń yún mi láti àárọ̀, orí ń fọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pọnmi." Mo ní ìgbà tí mo bá kú. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ pé kò ní pẹ́. Ẹnu ọmọ yìí mú. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò jẹ́ kó rí i.

Ọjọ́rú, 11 Ọ́kítóbà
Jẹ́ kí n kọ òótọ́, ìwé kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ omi kò jìnnà. Béèyàn bá gba iwájú ilé Ẹni Ọ̀hún, ilẹ̀ tẹ́jú, yóò débẹ̀ kó tó gba Àdúrà Olúwa tán. Láti ọdún tó kọjá, mi ò gba ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń gbà. Mò ń gun òkè, mò ń sọ̀ kalẹ̀, garawa lórí.

Ẹni Ọ̀hún – Mosúnmọ́lá, opó àbúrò ọkọ mi. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi wọlé ní oṣù méjì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè, ó pè mí ní "Monínúọlá" gbàgàdà lójú àwọn ìyàwó kéékèèké. Mo ní kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀ mí. Ó ní orúnkún òun dàgbà ju tèmi lọ. Ó wá ń retí kí n kọ́kọ́ kí òun. Kó máa retí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Ọ́kítóbà
Ọsibítù. Mo ka ìwé sí Fọláṣadé létí, mo fo Ọjọ́rú. Ó ní, "Màmá, ìgbàkígbà tó bá ti dùn yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi dé ni. Ṣé òkè wà lọ́nà yín?" Mo ní ilẹ̀ tẹ́jú. Irọ́ gidi, lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ga, ó ní. Bí kò bá sí àyípadà, Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun á kọ lẹ́tà sí Kàdúná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ọ́kítóbà
Inú ń bí mi. Mi ò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ọ́kítóbà
Àlejò ká mi mọ́ orí òkè. Garawa dànù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò lè pariwo. Ewúrẹ́ kan wá mu omi mi, ó ń wò mí. Mo ní bí mo bá kú síbí, wọn á béèrè ohun tí màmá àgbà wá ṣe lórí òkè. Kí ni wọ́n á sọ? Pé ó ń sá fún ẹni tí kò kí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ọ́kítóbà
Mo gba iwájú ilé rẹ̀. Mo ti pinnu pé mi ò ní kí i. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jẹ́ kí n kọjá, ó wá ní, "Lánàá, mo rò pé o ti kú lórí òkè. Mo ti wọ bàtà tán kí o tó dìde."

Mo dúró. Ó ní láti fèrèsé òun ni òun ti ń wò mí. Ojoojúmọ́. Òun kì í jẹun àárọ̀ àfi bí mo bá sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní èmi ni ìyálé. Ó ní òun mọ̀, ó ti tó ọdún méjìdínláàádọ́ta tí òun ti mọ̀, ó ti sú òun. "Sọ garawa yẹn kalẹ̀, kí o wọlé."

Kò kúnlẹ̀. Mi ò kí i. Mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ajé, 23 Ọ́kítóbà
Ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù. Ó ní òun mọ̀ pé màá purọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti ro ẹjọ́ òkè fún Fọláṣadé. Ọmọ náà wò mí títí. Ó ní òun ò ní kọ lẹ́tà, àfi bí mo bá tún gun òkè, kí n sì máa lo oògùn.

Nígbà tí à ń bọ̀, Mosúnmọ́lá bọ́ síwájú. Ìyálé ló yẹ kó ṣíwájú. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé orúnkún ń dùn ún, ó sì di oògùn mi mú. Mo jẹ́ kó máa lọ.