Ìjà Kíláàsì Tí Mo Jà ní Barnawa

Jádesọ́lá ọmọ mi, Àjíkẹ́ ọkàn mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé oòrùn Kàdúná ti rọjú díẹ̀? Mo kí ọ bí ẹni tó kanlẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Ọlọ́run tó mú mi délé láyọ̀ ni yóò máa yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé ní àdúgbò Television. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan ń sùn ṣáá bíi bàbá rẹ, ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo kọ ọ́ síbí.

Má wulẹ̀ yí ìwé yìí kiri láti wá orúkọ ẹni tó bá mi kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí, bí o bá rí lẹ́tà tó dojú dé, ìwọ náà dákun tẹ orí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kà á.

Oṣù mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ ní Barnawa, ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún ọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú àti Jímọ̀, bí o bá ti lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, tí o rò pé mo ń sùn, kíláàsì ni mo máa ń lọ, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tó wà lẹ́yìn ilé yín, níbi tí Tíṣà Ephraim ti ń kọ́ àwọn obìnrin láti ka Yorùbá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ. Ọmọ ń kọ́ni ní yunifásítì, ìyá rẹ̀ ń pariwo a, b, d.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan tí ìwọ àti Adédàpọ̀ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó ní pálọ̀, tí ẹ ń jiyàn lórí ìwé tí o ń kọ. Mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí o ní ìjà kíláàsì, pé àwọn kan ti gba gbogbo nǹkan, àwọn tó kù kò rí nǹkan kan mú. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn! Ìjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lọ́sàn-án, ta ló sọ fún ọmọ yìí? Tíṣà ti fi fóònù ya gbogbo wa ní fọ́tò, mo sì rò pé nígbà tó jẹ́ pé Barnawa kan náà ni ẹ wà, fọ́tò náà á ti bọ́ sínú fóònù tìrẹ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kàdúná ni wọ́n bí àwọn obìnrin tó ń jókòó níwájú sí, wọ́n gbọ́ Hausa, wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi, Bíbélì Yorùbá nìkan ni wọn ò lè kà. Mọ́tò ló ń gbé wọn wá, àga tó ní ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó lé. Àwa tẹ̀yìn, èmi, Ìyá Tèmidire tó ń dín kósàì, ìyẹn àkàrà wọn níbẹ̀, àti àwọn mẹ́ta tó ń bá èèyàn fọṣọ, bẹ́ǹṣì ni tiwa. Ìwé tuntun méjìlá dé, Tíṣà pín in níwájú, ó tán síbẹ̀. Mo ní tiwa ńkọ́? Ó ní Màmá, ẹ̀yin ò tíì tó ìwé í gbà. Arábìnrin Lois, tó ti jẹ́ ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba rí, ní kí a má bínú, bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Mo bá pariwo, wọ́n pariwo, kíláàsì tú.

Ohun tó wá dùn mí ní pálọ̀ ni pé o sọ fún Adédàpọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí nǹkan kan ṣe sí i, pé ibi tí ayé to àwọn èèyàn bíi ìyá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà. Bíi ìyá mi! Adédàpọ̀ ní rárá, olúkúlùkù ló ní ejẹ́nsì tirẹ̀ tó fi lè yí ayé rẹ̀ padà. Ejẹ́ńtì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó bá ọ wá ilé. Síbẹ̀ mo retí tèmi di Ọjọ́rú, kò wá, mo bá dìde lọ fúnra mi.

Mo dé gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo jókòó sórí àga Arábìnrin Lois. Nígbà tó wọlé, ó ní Màmá, ibí yìí ni mo máa ń jókòó. Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi. Tíṣà bẹ̀ mí kí n dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá Tèmidire tó ní òun wà lẹ́yìn mi digbí ń tú gèlè, ó tún ń wé e. Síbẹ̀, Jádesọ́lá, ìdí mi kò kúrò.

Kí àkókò má baà lọ, Tíṣà ní kí Arábìnrin Lois kàwé lórí ìdúró. Ó kà á pé, ọkọ mi kú sójú títì, mo ní kí àwọn èèyàn bá mi tì í. Mo fò dìde, mo dì mọ́ ọn, mo ní yéè, ẹ pẹ̀lẹ́, nígbà wo ló kú? Ẹ̀rín bú ní ẹ̀yìn. Ìyá Tèmidire ké pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ! Ojú ti Arábìnrin Lois, omi lé sí i lójú, ó ní Màmá, àmì yìí ti ń dààmú mi láti ọmọdé, ẹ pè é fún mi. Mo pè é. Ó fi ìka tọ́ka sí i fún mi nínú ìwé, òun mọ lẹ́tà, èmi mọ ohùn. Kí Tíṣà tó lanu, Ìyá Tèmidire ti ń wọ́ bẹ́ǹṣì bọ̀ níwájú, àwọn mẹ́ta yòókù ń bá a wọ́ ọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára. Obìnrin méjì níwájú kò wá mọ́, wọ́n ní kíláàsì ti di ọjà. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì méjì ló ń lo ìwé kan títí mo fi kúrò.

N kò mọ ẹni tó jàre nínú ìwọ àti Adédàpọ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Ìyá Tèmidire kò bá wọ́ bẹ́ǹṣì, wọn ì bá kàn gbé mi padà sẹ́yìn ni. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí o sì pa “bíi ìyá mi” yẹn rẹ́.

Dákun, bí ọwọ́ rẹ bá gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀kì àti pátákó kékeré. Obìnrin mẹ́rin ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lálaalẹ́, orí ẹní ni gbogbo wa ń jókòó. Bàbá rẹ náà máa ń gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní adìẹ lòun ń ṣọ́, ṣùgbọ́n lánàá mo rí i tó ń fi ọ̀pá kọ orúkọ rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ nígbà tí mo wò ó.

Ìmọ̀ rẹ kò ní pọ̀ ju ayọ̀ rẹ lọ. Ibi tí o bá ti ń wá ire, ire á ti máa wá ọ bọ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abígéèlì