Ìwé Ìtúsílẹ̀ Wa Kò Tíì Dé

Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí o bá wà lórí ọ̀kadà, ní kó dúró. Bí òkèlè bá wà lẹ́nu rẹ, gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ pé ọkùnrin ni ọ́, o ó lè gbà á mọ́ra. Àkùkọ wa pupa ti kú.

Má sunkún. Ìdí ìkòkò omi ló kú sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Arakale? Ṣé ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ, ṣé wọ́n ti san owó oṣù tí wọ́n jẹ yín? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ oko láìjẹ wọ́n lówó oṣù kò ní jẹ́ kí ebi pa ọ́ ní Àkúrẹ́. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún mi ọ̀tún ń ro mí, ti òsì sì ń bá a kẹ́dùn. Ìyá rẹ ní kí o yé fi gàrí ṣe oúnjẹ alẹ́. Mo ní bí gàrí ṣe wọ́n tó báyìí, ọmọ tó ń mu ún lálaalẹ́ ti di olówó nìyẹn.

O ó bi mí pé kí ló dé tí ikú àkùkọ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àkùkọ náà wà nínú fọ́ọ̀mù ni. O rántí pé lọ́dún kẹrin sẹ́yìn, nígbà tí oògùn kókó di góòlù, mo yá owó lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ìtura ní Oǹdó. Rufus akọ̀wé wọn fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ gbogbo ohun ìní mi síbẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó níye lórí jù. Mo ronú sí i dáadáa. Mo kọ Moríyọ̀ àbúrò rẹ sí ipò kìíní, mo kọ ìwọ sí ipò kejì, oko kókó sì ṣe ìkẹta, lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ mi, ewúrẹ́ méjì, rédíò àti àkùkọ pupa. Má bínú pé àbúrò rẹ ṣíwájú rẹ, òun ló wà nílé tó ń pọn omi. Níwájú orúkọ tìrẹ, mo kọ ọ́ pé o yà sí Àkúrẹ́, o ń bọ̀. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí wọ́n á bi ní ohun tó ní láyé, tí yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́.

Ìgbà tí mo buwọ́ lùwé tán ni Rufus wá ka òfin sí mi létí, pé ohunkóhun tó bá wà nínú fọ́ọ̀mù, mi ò gbọ́dọ̀ tà á, mi ò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò nílé títí ìwé ìtúsílẹ̀ yóò fi tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo san gbèsè náà tán nígbà kókó èṣí, kò ku kọ́bọ̀, Rufus fúnra rẹ̀ sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń retí ìwé ìtúsílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìgbéyàwó Moríyọ̀ kò fi tíì ṣeé ṣe. Akíntóyè, tíṣà tó ń fẹ́ ẹ, ti mú ẹbí rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún wọn ní obì, mo sì ṣàlàyé pé ọmọ mi ṣì wà lábẹ́ òfin ẹgbẹ́. Ìyá ọkọ ní ọmọ ni àwọn wá tọrọ, àwọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ nínú ni. Mo ní kó fi sùúrù sí i. Ó ní òun ti fi sùúrù sí i títí, ó ku kí sùúrù náà hu ewú. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ Akíntóyè lọ sí Òkìtìpupa báyìí, ó sì ti sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé bí oṣù yìí bá parí láìsí ìgbéyàwó, òun á máa lọ ní tòun. Moríyọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi bí ọlọ́pàá tó ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn aláìníṣẹ́ kò jẹ́ ká retí ohun gidi ní ìrọ̀rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gun ọ̀kadà wá láti Oǹdó lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àpòòwé kan. Kò dé fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Ó ní èmi ni mo ni àpòòwé náà, kí n ṣáà ti buwọ́ lu ìwé kékeré kan pé mo gbà á. Mo rẹ́rìn-ín. Ìbuwọ́lùwé ló kó mi sí gbèsè ọdún mẹ́ta! Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Mo ní kó gbé e padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fún un lómi, mo ní kó gbé e padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní ṣé mo mọ iye tí epo ọ̀kadà ń jẹ́ ni. Mo fún un lọ́gẹ̀dẹ̀, mo ní kó gbé e padà.

Ìyá rẹ ní àbí ìwé ìtúsílẹ̀ náà ni. Mo bi í bóyá ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe tú oko bàbá mi sílẹ̀, èyí tó fi dógò lọ́wọ́ Bàbá Lọ́lá. Bàbá Lọ́lá wá fúnra rẹ̀, òun àti àgbà mẹ́rin, pẹ̀lú obì àti ẹmu. Wọ́n rìn yí oko ká, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé oko ti padà sọ́wọ́ olóko. Ṣé ohun tí àgbà mẹ́rin ṣe nígbà náà ni ẹni tí kò dé fìlà máa wá dá ṣe? Ìyá rẹ ní ayé ti yí. Mo ní kó yí, àmọ́ kó dé fìlà kó tó yí dé ọ̀dọ̀ mi. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ni à ń gbálẹ̀ àgbàlá tí à ń to bẹ́ǹṣì síta dè wọ́n.

Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ojoojúmọ́ ni Rufus ń pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò gbé e, nítorí ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó bá pe èèyàn ni owó rẹ̀ ń lọ. Mi ò fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ ṣòfò lórí mi nígbà tí nǹkan le báyìí.

Ní ti àkùkọ, a jẹ ẹ́, àmọ́ tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Mo ti yan orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mo di ìyẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí àwọn ẹgbẹ́ má bàa rò pé mo tà á.

Nítorí náà, fi owó àkùkọ kan ránṣẹ́. Kó jẹ́ pupa o, pupa ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Fi ti obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kún un fún àwọn àgbà tó ń bọ̀. Má fi í gba báńkì, wọ́n á kọ́kọ́ bu tiwọn. Fún awakọ̀ Oǹdó tó mọ ilé wa. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, má tíì kó kúrò ní Arakale, ìwọ ni ipò kejì.

Má wò ó pé ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ̀wé sí, ìwé ti gbówó lórí. Ara ilẹ̀kùn wa ni mo ti ṣí èyí láàárọ̀ yìí, àwọn olóṣèlú ló tún lẹ nǹkan mọ́ ọn. Òǹtẹ̀ ńlá wà lójú rẹ̀, mi ò sì kà á, torí mo ti búra pé mi ò ní ka ohun olóǹtẹ̀ kankan mọ́ títí ìwé ìtúsílẹ̀ wa yóò fi dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáà mọ́ tónítóní.

Kí Ọlọ́run tú ọ sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tó bá dè ọ́, àyàfi fọ́ọ̀mù, ìyẹn wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí,
Akínwùmí Adébùsóyè.

(Ojú kejì ìwé náà)

ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ ÌTURA, OǸDÓ
ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN

Sí Bàbá Akínwùmí Adébùsóyè, Bọ́lọ́rundúró.

Ìwé ìtúsílẹ̀ yín ti wà nílẹ̀ láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. A fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kò gbà á. A pè yín, ẹ kò dáhùn. Ẹgbẹ́ yìí kì í ka èèyàn sí ohun ìní: ọjọ́ tí ẹ mú fọ́ọ̀mù yín wá ni a ti fagi lé ipò kìíní àti ìkejì.

Bí ẹ kò bá wá gba ìwé yín kí oṣù yìí tó parí, a ó máa gba owó ìtọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù, a ó sì kà á sí gbèsè tuntun.

Ẹ mú ìkìlọ̀ yìí gan-an dání wá. A kò ní tú ẹnikẹ́ni tí kò bá mú un dání sílẹ̀.