Arvella Sizemore àti Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Pẹja

Oṣù kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí Màmá wa, olóògbé Arvella Sizemore, sínú ìdílé Combs ní Pigeon Fork, láàárín àwọn òkè ìlà-oòrùn Kentucky. Hobart Combs, awakùsà èédú, ni bàbá wọn, Icy sì ni ìyá wọn. Láti kékeré ni Màmá kì í ti í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹyin tuntun ni, Màmá á gbé e sétí, wọn á sì gbọ̀n ọ́n wò.

Ní 1967, Màmá parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n fẹ́ Estill Sizemore, wọ́n sì gba kíláàsì kẹfà ní ilé ìwé ìlú wa. Nígbà tí ìdánwò ìjọba dé, tí àwọn olùkọ́ ilé ìwé tí máàkì rẹ̀ bá gòkè ń gba owó ẹ̀bùn, ara Màmá kò gbà á rárá. Ní ìpàdé àwọn òbí, wọn á dìde: “Ṣé ọmọ lẹ ń dán wò ni, àbí ọ̀gá ilé ìwé?” Bí wọ́n bá délé, Bàbá wa á ní, “Arvella, o ò lè jókòó jẹ́ẹ́? Báwo la ṣe fẹ́ mọ ọmọ tó mọ̀wé?” Màmá á ní, “Bi tíṣà ẹ̀ léèrè!” Ìdí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì.

Ní 1988, Twyla, àkọ́bí wọn, fẹ́ lọ sí yunifásítì, ìwé aláwòrán tí àwọn yunifásítì fi ń polówó ara wọn sì ń dé láti ibi gbogbo. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò títí. “Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Èwo nínú wọn ló ti san owó ilé ìwé tán?” Twyla lọ ṣá, ó sì ti bímọ mẹ́ta kó tó bọ́ nínú gbèsè owó ilé ìwé náà.

Ohun kan wà tó ń kọ Màmá lóminú. Máàkì ilé ìwé wa ń gòkè lọ́dọọdún, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí kò lè kàwé ṣì ń dé kíláàsì wọn. Bí ọ̀sẹ̀ ìdánwò bá sì dé, bọ́ọ̀sì á kó àwọn ọmọ kan lọ pẹja ní adágún. Ẹ̀bùn ìwà rere ni wọ́n pè é.

Ní ìgbà ìrúwé 1993, Màmá rí Dorsey, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ kíláàsì kẹrin, lórí ìlà bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀. Tíṣà rẹ̀ ti ń sọ pé ó ń ṣe dáadáa, òun náà sì máa ń kàwé ketekete nílé. Màmá pè é kúrò lórí ìlà.

“Dorsey, ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì yẹn fún mi.”

Ọmọ náà wo bàtà rẹ̀. “Mọ́mì, ẹja ni mo fẹ́ lọ pa.”

Ìgbà náà ló tó yé Màmá pé ohun tí Garnet, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń kà sí i létí ni Dorsey ń há sórí, tó fi ń dà bíi pé ó ń kàwé.

Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, sáré dé. “Mísìs Sizemore, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá wa. Ṣebí ẹ̀yin gan-an lẹ ń bú ìdánwò yìí káàkiri?”

“Mo ṣì ń bú u. Àmọ́ ọmọ tí ẹ bá fi pa mọ́ kúrò níbi ìdánwò, ta ló máa kọ́ ọ?”

Màmá fa Dorsey wọlé lọ ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Dorsey fìdí rẹmi, máàkì ilé ìwé já wálẹ̀, owó ẹ̀bùn sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó ti Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dorsey pàápàá bínú sí wọn. Ó dùn wọ́n wọra, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ àforíjì. Nítorí máàkì tó já yẹn ni ìjọba ṣe fi olùkọ́ ìwé kíkà ránṣẹ́, iwájú rẹ̀ sì ni Dorsey ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ìwé lójoojúmọ́.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2008. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa títí àìsàn fi dá wọn dúró. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Bàbá ti ṣáájú wọn lọ. Twyla, Garnet àti Dorsey ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Dorsey ló dúró síwájú yín yìí, tó ń ka ìtàn yìí sí yín létí. Àárọ̀ òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé yìí lé e lọ́wọ́. Kò ráyè há a sórí.

Ẹ sùn re o, Màmá. Kí Olúwa fi ìsinmi jíǹkí yín.