Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Lóko Ìrẹsì

Ẹ̀gbọ́n mi Hàrúnà,

Ẹ má bínú o. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò eré aláwàdà tí Bàbá wa olóògbé fi sílẹ̀ ti ṣòfò. Mo rò pé wọ́n ti bàjẹ́, ni mo bá kó wọn fún Bàbá Yísà, àgbẹ̀ onírẹsì ní Òkè-Oyì. Wọ́n fa okùn inú wọn ta sórí oko ìrẹsì láti lé ẹyẹ. Wọ́n ní, "Màsúdát, àwàdà yìí ò pa ẹyẹ lẹ́rìn-ín o, sísá ni wọ́n ń sá!" Ẹkún ni mo sun.

Ibà ọmọ mi ti lọ, àlùhámdúlílàì. Ẹ kú òtútù Kánádà.

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì kan, eré adẹ́rùbani tí ẹ máa ń sá sẹ́yìn Bàbá wò. Ẹnìkan ní Táíwò Road lè dà á sínú fóònù, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí èyí náà má lọ bàjẹ́. Ṣé kí n gbé e lọ? Ẹ tètè fèsì.