Ojú Àwọ̀n Tí Ìka Mẹ́ta Ń Wọ̀

Èmi, apẹja odò yìí, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sùúrù-Lójú-Omi, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò yá, ṣùgbọ́n orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, àti olùkọ́ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Kí wọ́n má bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ló lágídí.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọbìnrin mi. Kí ó tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe kí òjò tó dé. Yàrá yẹn ni ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí hun àwọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí yóò máa kọ orin tí kò mọ̀ dé ìparí. Láti ìgbà tó ti kú, n kì í lè pẹ́ níbẹ̀.

2. Ọkọ̀ mi àti àjẹ̀ rẹ̀ di ti olùkọ́, kí ó máa fi gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ wo odò. Kí ó fi ibi tí òṣíbàtà ti máa ń hù tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sí odò náà. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé bí odò ṣe rí látilẹ̀ nìyí.

3. Ológbò mi di ti aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ṣì máa ń jókòó sí èbúté nírọ̀lẹ́, ó ń retí ẹja. Bí mo bá ra ẹja inú yìnyín fún un, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ. N kò bá a wí. Ilé apẹja ni, a sì ń ra ẹja jẹ.

4. Ilẹ̀ etí ibú, pẹ̀lú àwọn igi tó ṣíji bò ó, di ti ọmọbìnrin mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wa yanrìn, kò sì gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n. Ibẹ̀ ni epìyà àti ọ̀bọ̀kún ti ń yé ẹyin. Ní àsìkò òjò tó kọjá, mo rí epìyà kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́nu nígbà tí òjìji mi bọ́ sórí omi. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀.

5. Àwọ̀n tí ìyàwó mi kò hun parí, tó wà lára ìṣó ní yàrá ẹ̀yìn, di ti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Kí gbogbo ẹbí mọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó mi fi ìka rẹ̀ mẹ́ta wọn igi pẹlẹbẹ kan, igi yẹn ni gbogbo ilé sì fi ń wọn ojú àwọ̀n. Ó ní ẹja gbọ́dọ̀ yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó di tiwa. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹja dínkù. Àbúrò mi mú ọ̀bẹ, ó fá igi náà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún fá a. Kò sẹ́ni tó fura, nítorí igi yẹn gan-an la fi ń mọ èyí tó tọ́. Àwọn ará èbúté pàápàá ń wò ó gbẹ́ tiwọn. Ọjọ́ tí mo gbé àwọ̀n tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi ni àṣírí tú. Ìka kan ló wọ̀ ọ́, tipátipá sì ni.

Nígbà tí mo bi àbúrò mi, ó ní ebi ń pa àwọn ọmọ òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí ló ń kó fún wọn jẹ. Láti ọjọ́ náà a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà. Ó dùn mí wọra. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀.

6. Kí wọ́n dáná sun igi tó fá. Kí àbúrò mi gbé àwọ̀n náà lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ìyẹn fi ojú àwọ̀n náà wọn igi mìíràn, kí wọ́n sì gbẹ́ ẹ fún gbogbo èbúté. Ìyàwó mi kò fi àwòrán kankan sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí, ojú àwọ̀n yẹn ni mo máa ń ki ìka bọ̀. Àbúrò mi, ki ìka tìrẹ náà bọ̀ ọ́. Ohun tó kù lára ìyàwó mi nìyẹn. Jọ̀wọ́, má fá igi tuntun náà.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi síbí: Sùúrù-Lójú-Omi.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án.

Ó ṣojú wa:
Gbẹ́nàgbẹ́nà èbúté
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi