Agbẹjọ́rò Ìjọba Tó Yọ Yísà

Ẹ̀gbọ́n mi Bámilóyè,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀.

Wọ́n ti dá Yísà ọkọ mi sílẹ̀ nínú ẹjọ́ olè yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba tí mo ń bẹ̀rù ló yọ ọ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ lọ sí Igbóbì, ó rí i nínú ìwé ọsibítù pé ọjọ́ tí olè jà gan-an ni wọ́n ń to eegun ẹsẹ̀ Yísà. Ó sọ fún adájọ́ pé ìjọba kò bá a ṣẹjọ́ mọ́.

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n rán aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n."

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lókèèrè. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà; Rọ̀kíbátù lorúkọ rẹ̀.

Àbúrò yín,
Tabitha