Alhaja Mùínàt Ọláṣùmbọ̀ (1968–2025): Ìyá Tí Kò Dìde fún Adájọ́

Ní ọdún 1968 ni a bí Alhaja Mùínàt Àbẹ̀kẹ́ Ọláṣùmbọ̀ sí agboolé Oníyanrìn ní Lakowe. Bàbá wọn ni Olóògbé Mikail Babájídé, apẹja. Ìyá wọn ni Olóògbé Sàfúrátù, tó ń hun ẹní.

Lakowe ni wọ́n ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí girama ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1986. Ní 1990, wọ́n di akọ̀wé kóòtù. Ní 1992, wọ́n fẹ́ Alhaji Ràṣídì Ọláṣùmbọ̀, bíríkìlà, wọ́n sì jọ kọ́lé sí Igbó Ẹfọ̀n. Ohùn Ìyá wa lọ sókè, nítorí náà àwọn ni wọ́n fi ṣe ẹni tí ń ké "Kóòtù!" kí gbogbo èèyàn lè dìde bí adájọ́ bá ń wọlé. Àwa ọmọ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá pè wá jẹun, gbogbo àdúgbò ló ń dìde.

Ní 2018, adájọ́ kóòtù wọn ní Ajah pè wọ́n sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ara wọn bí ẹni tó nawọ́ sí ẹrù rẹ̀. Wọ́n gbá ọwọ́ náà dànù. Ó fọ́ wọn létí. Etí òsì náà kò gbọ́ràn mọ́ títí wọ́n fi kú. A ò ní dárúkọ adájọ́ náà síbí. Orúkọ rẹ̀ kò yẹ nínú ìwé ìyá wa.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn adájọ́ wí. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá wa fẹ́ gbọ́: pé ọkùnrin náà jẹ̀bi. Àwọn àgbà wá bẹ̀ wọ́n pé ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Àwọn tó gbọ́ ìró ìgbájú náà láti ẹnu ọ̀nà di odi. Ìgbìmọ̀ ń sún ọjọ́ síwájú, ó ń sún un, títí ọjọ́ orí adájọ́ fi tó ìfẹ̀yìntì ní 2022. Ìgbìmọ̀ wá ní nígbà tó ti kúrò lórí àga, ọwọ́ àwọn kò tó o mọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un, Ìyá wa náà ni wọ́n ní kí wọ́n ké. Wọ́n ké. Gbogbo ilé dìde. Ìyá wa jókòó. Nígbà tí ọ̀gá wọn bi wọ́n léèrè, wọ́n ní: "Iṣẹ́ mi ni kí n ké. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ti ìjọba." Ẹjọ́ adájọ́ gba ọdún mẹ́rin, kò níyanjú. Ti Ìyá wa kò gba ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àsàlátù ní kíké Kùránì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n. Ìbànújẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ gbọ́ náà.

Ọkọ wọn, Alhaji Ràṣídì, àwọn ọmọ wọn, Shamsudeen, Modúpẹ́ àti Bọ̀sún, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, ló gbẹ̀yìn wọn.

A gbọ́ pé ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ wá kí wa níbi fídáù yìí. A ò ní lé e. Ilé ọ̀fọ̀ kì í lé àlejò. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé, ẹ̀yin èèyàn wa, a bẹ̀ yín, ẹ jókòó.

Ẹ sùn re o, Ìyá wa. Ọjọ́ tí ẹ máa dìde, iwájú Adájọ́ tí kì í fẹ̀yìn tì ni.